Ìwà Márùn-ún Ọláníyì

Láti ìgbà tí Ọláníyì ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwà ẹ̀dá dé láti Ìbàdàn ni kò ti jẹ́ kí àdúgbò rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà sinmi. Kí ni kò ní sọ? Bí o bá kí i, á wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní ọ̀yàyà rẹ kéré. Ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wádìí ẹ̀ délẹ̀, ìwà márùn-ún péré ló wà lára ọmọ aráyé: kí ojú là sí ohun tuntun, ìtẹpámọ́ṣẹ́, ọ̀yàyà, ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Bó o bá ti mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn, o ti mọ̀ ọ́n tán. Ó wọn gbogbo àdúgbò. Ara rẹ̀ nìkan ni kò wọ̀n.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ọmọ́tárá délẹ̀. Tíṣà ni Ọmọ́tárá ní Ìdèrè, Ọláníyì sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ kì í fẹ́ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹbí ọmọbìnrin náà ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ wádìí ọkọ kí àwọn tó dáhùn. Bàbá Zachariah, ẹ̀gbọ́n bàbá Ọmọ́tárá, ni wọ́n rán. Ìwádìí bàbá yìí ti tú àdéhùn ìgbéyàwó ká rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀rù ba Ọláníyì gidi.

Ni ọ̀mọ̀wé wa bá ra mínírà, ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó há ìwà márààrún sí wọn lórí bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní a-b-d. Ìyá Ràhmọ̀t tó ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ nìkan ni kò pè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lórí èéfín.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Zachariah sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Ọláníyì ti lúgọ sẹ́yìn táyà nínú ṣọ́ọ̀bù Àkànó fọkanáísà. Ọ̀dọ̀ Àkànó gan-an ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀.

"Irú ènìyàn wo ni Ọláníyì?"

"Bàbá, ojú rẹ̀ là sí ohun tuntun, ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ó lọ́yàyà, ó níwà pẹ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀."

Bàbá dé ọ̀dọ̀ Sàlámì télọ̀. Ojú là, ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ó lọ́yàyà, bẹ́ẹ̀ náà ló tò ó. Hàlímọ̀ oníbúrẹ́dì ka mẹ́rin lórí ìka, ó dúró, ó sì kígbe sí ṣọ́ọ̀bù: "Bùọ̀dá Àkànó, èwo ló kù?"

Bàbá Zachariah rẹ́rìn-ín. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Ó bá yà sọ́dọ̀ Ìyá Ràhmọ̀t. Lẹ́yìn táyà, Ọláníyì ti ń dágbére fún ìyàwó tí kò tíì fẹ́.

"Ọláníyì wo?" ni Ìyá Ràhmọ̀t wí. "Èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ yẹn? Ahun ni. Bí eku bá kọjá, ariwo rẹ̀ á ju ti ẹni tó ń rọbí lọ." Ó ro gààrí rẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, Ràhmọ̀t mi ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Òjò ń rọ̀, kò sí ọ̀kadà. Òun ló pọ̀n ọ́n dé ọsibítù. Ó ń bú mi lọ lójú ọ̀nà pé mo bí ọmọ tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ. Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi to eegun ọmọ mi tán. Kò sì tíì bú mi tán dòní."

"Ṣé ẹ ti parí ìjà ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Zachariah ti rí orí tó ń yọjú wò wọ́n lẹ́yìn táyà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù Àkànó. "Ọkọ ọmọ wa, jáde síta."

Ọláníyì jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́! Ọ̀tá mi ni!"

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ tán," ni bàbá wí. "Ọ̀tá rẹ ló gbà á padà fún ọ. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọláníyì lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Ràhmọ̀t. Ó bú sẹ́kún.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "O dí mi lọ́nà."