Ọ̀rọ̀ tí Moríkẹ́ Sọ ní Zion Pepe

Kí ló dé tí wọn kò mú mi lọ? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Sísítà Brígídì ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀, tó ń mú Sísítà Ámátà dání, tó ń fi mí sílẹ̀ bí ìkòkò tó fọ́ létí. "Sísítà Rúùtù, ìwọ dúró ti ilé ìgbòògùn." Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an… ẹ̀rín kí ni?

Ámátà kẹ̀! Ọmọ Gánà ni Ámátà. Kò gbọ́ Yorùbá, ká má tilẹ̀ sọ Ìlàjẹ. Brígídì wá láti Áyálàǹdì. Ọdún mẹ́ta tó ti lò lórí omi yìí, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" ni gbogbo ohun tó mọ̀. Èmi ni ẹnu wọn. Èmi ni etí wọn. Láti Òde Mahin títí dé Zion Pepe, kò sí aláìsàn tó bá wọn sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ẹnu mi kọjá. Ta ló wá ń túmọ̀ fún wọn báyìí? Jọọlá atukọ̀? Jọọlá tí òyìnbó rẹ̀ kò ju "kọ̀mù" àti "gò" lọ?

Àbí wọn kò nílò ẹnu mọ́. Àbí nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá kiri…

Mo jókòó sídìí fèrèsé, mo ń ká báńdéèjì tí mo fọ̀ lánàá. Omi ń lu òpó ilé nísàlẹ̀. Àná ni wọ́n lọ, wọ́n ní ọ̀sán òní ni àwọn yóò dé. Ọ̀sán ti ń yẹ̀. Mo ká ọ̀kan tán, mo tún tú u, kò gún.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé pùpùrú wọlé oúnjẹ, àwọn méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ òyìnbó — ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dákẹ́. Brígídì ti ìwé pélébé kan bọ abẹ́ àwo, ìwé aláwọ̀ búlúù. Ó rò pé n kò rí i. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kó jókòó sí, ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí mo bá yọ, a pa á dé. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Kí ló tún lè jẹ́? Ìwà mi ló ń kọ sílẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà wa lókè òkun. Ìyá Àgbà yóò kà á, yóò ní kí wọ́n dá mi padà sílé. Ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn tí n ó fi di Sísítà títí láé ku oṣù márùn-ún péré.

Sílé ibo? Ayétòrò?

Bóyá torí Ayétòrò náà ni. Bóyá wọ́n rò pé ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀… Ṣùgbọ́n n kò fi pamọ́. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti sọ fún wọn: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi Mósè àti ìyá mi Sárà gbé mi débẹ̀, tí ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to pákó lé orí ẹrọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kò sí "tèmi." Ìkòkò kan, àpò kan, aṣọ tí a hun fúnra wa. Ìgbà tí mo lọ kí ìyá mi gbẹ̀yìn, ó wò mí látòkè délẹ̀ nínú aṣọ Sísítà mi. "Rúùtù, o kúrò nílé tí ohun gbogbo ti jẹ́ tiwa, o lọ sílé Àgùdà tí ohun gbogbo ti jẹ́ tiwọn. Kí lo lọ wá?" Mo ní kó fún mi lómi mu.

Ṣùgbọ́n ó nídìí tí mo fi ń gbérí. Nígbà tí iná mànàmáná tàn ní Ayétòrò, àwọn ará òkè ń wọkọ̀ wá wò ó, wọ́n ń lanu sílẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí kí ayé bọ̀wọ̀ fún ọmọ omi. Ọjọ́ kan ni Ámátà wá ṣí ẹnu rẹ̀ nídìí oúnjẹ, tó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́: "Àwọn èèyàn orí omi yìí kì í lo oògùn tán. Fún wọn lógún, mẹ́wàá ni wọn yóò lò." Òyìnbó ìbá sọ ọ́, ǹ bá gbé e mì. Aláwọ̀ dúdú bíi tèmi! Mo ní, "Àwọn èèyàn mi ń lò ó tán. Ṣebí èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀." Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a lọ Zion Pepe, tí a bá Moríkẹ́ —

Rárá. Ti Moríkẹ́ kọ́ ni mò ń rò. Ti ìwé búlúù ni mò ń rò.

Àti ti Àrìnpé. Kí ló mú Àrìnpé, ìyá ẹlẹ́ja tó ń gba oògùn lọ́dọ̀ wa, wá láàárọ̀ yìí? Kò tíì wọlé tán, èéfín ẹja yíyan ṣì ń rùn lára rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Sísítà Rúùtù, ọmọ mi, o mọ̀ pé òyìnbó yín ti ń fọ èdè wa?"

Mo ní irọ́ ni.

"Irọ́ kẹ̀! Ó wá bá mi nídìí ààrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, 'Ìyá, ṣé ẹ lo oògùn tán?' Bí ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló ń sọ ọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní rárá o, ó ku mẹ́rin, òòyì ló ń kọ́ mi bí mo bá lò ó. Kò bínú. Ó fún mi ní òmíràn." Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ọ pé òòyì ń kọ́ mi. Kí lo máa ń sọ fún un?"

Mo ní kó yanu, kí n wo ọ̀fun rẹ̀.

Ta ló kọ́ Brígídì lédè? Jọọlá ni, kò sí ẹlòmíràn. Wọ́n ń kọ́ èdè lẹ́yìn mi. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí… ohun tí kí ni?

Mo dìde, mo wọ yàrá Brígídì. Kò sí ilẹ̀kùn kan nínú ilé yìí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìwé náà wà lórí tábìlì rẹ̀, kò tilẹ̀ bò ó. N ó rí orúkọ mi báyìí. N ó mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

*Se o lo tan. Se o bi. Ma beru. N ko ni binu.*

Kò sí àmì kankan lórí wọn. Ó kọ wọ́n lójú ewé yìí, ó tún wọn kọ lójú ewé kejì. *N ko ni binu. N ko ni binu.* Mo ṣí i títí dé ẹ̀yìn. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

N kò ní bínú… Ìgbà mélòó ló ti sọ ọ́ fún mi ní òyìnbó? "Sọ fún un pé n kò ní bínú." Èmi yóò sì kọjú sí aláìsàn: "Sísítà ní kí ẹ tọ́jú ara yín." Ọdún mẹ́ta. Torí bí mo bá sọ fún wọn pé kò ní bínú, òótọ́ ni wọn yóò sọ. Bí wọ́n bá sọ òótọ́, èmi ni n ó rù ú lọ sétí Ámátà.

Moríkẹ́, ó dáa. Ó dáa, Moríkẹ́.

Ó gbé Ọmọ́lẹ́wà ọmọ rẹ̀ sórí itan, ọmọ ọdún mẹ́rin, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá a jà. Oògùn ọ̀pọ̀ oṣù ni a fún un. Moríkẹ́ ń wolẹ̀. Ó ní, "Mo ti dà á sómi. Bó bá ti mu ún, gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ ló ń bì. Ẹ̀rù ló bà mí." Brígídì bi mí pé kí ló sọ. Ámátà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, "Ó ní òun ti fún un lò tán."

Irọ́ mi nìyẹn. Kò gùn.

Brígídì mi orí. Ó gbà pé oògùn náà ni kò ran ọmọ náà. Òmíràn tó tún le jù ú lọ ló fún wọn. Ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ jáde lẹ́nu Ọmọ́lẹ́wà, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù ńlá lókè. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ Ìlàjẹ. Ó bi Moríkẹ́. Moríkẹ́ sì sọ fún un, Brígídì sì gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì náà.

Ọjọ́ tí Brígídì ti òkè dé ló sọ pé kí n dúró ti ilé ìgbòògùn.

Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mò ń wá ẹ̀sùn kiri sára wọn, mò ń ka ẹ̀rín wọn, mò ń ka ìdákẹ́jẹ́ wọn, kí n má baà jókòó ti ẹyọ gbólóhùn kan. Ara ń fu mí sí wọn. Èmi gan-an ni ọwọ́ mi kò mọ́. Wọn kò bi mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bóyá wọ́n ń retí kí n kọ́kọ́ sọ…

Ìró ọ̀pá lómi. Ọkọ̀ Jọọlá ti yọ lẹ́bàá igbó ògùrọ̀. Ọ̀dọ̀ Ọmọ́lẹ́wà ní ọ́sibítù òkè ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo rí Jọọlá. Mo rí ìborí funfun méjì. Láàárín wọn, nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ bò kúrò lọ́wọ́ oòrùn. Ẹrù ni? Ènìyàn ni? Ó ṣì jìnnà.

Mo ti wà lórí pákó èbúté. Brígídì na ọwọ́ sókè sí mi, bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà ìbáà wà nínú ọkọ̀ yẹn, ìbáà má sí níbẹ̀, n ó sọ irọ́ tí mo pa. Ọ̀rọ̀ náà ti tò lẹ́nu mi ní òyìnbó, ó dán, ó gún régé…

Rárá. Ìlàjẹ ni n ó fi sọ ọ́, kí Jọọlá gbọ́, kí Moríkẹ́ gbọ́ bó bá wà níbẹ̀. Kí Sísítà túmọ̀ ìwọ̀n tó bá lè túmọ̀. Èyí tí kò bá yé e, n ó tún un sọ.