Fídíò Ọmọ Ìwó

Ẹnu mi ló kó bá mi. Kwabena, tó ń du ipò aṣòfin, gbé iṣẹ́ ojú ìwé Fesibúùkù rẹ̀ fún Afeefah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń wá ẹni tí yóò fi Yorùbá bá àwọn àgbà Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá tí òbí wa ti Nàìjíríà wá, sọ̀rọ̀. Afeefah gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ délé. Ló bá gbé fóònù wá bá mi ní ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Odawna.

Ta ní í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsọ ìlú baba rẹ̀? Mo ní, "Èmi Adùnọlá, ọmọ Ìwó, mo bẹ̀ yín, ẹ dìbò fún Kwabena." Bẹ́ẹ̀, n kò dé Ìwó rí. Adabraka níbí ni wọ́n bí mi sí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn alátakò ti ń gbé fídíò tí Afeefah ká náà kiri pé ẹ wo Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Nàìjíríà ni òun ti wá, àwọn àlejò ni Kwabena fẹ́ fi wọlé! Ọ́fíìsì Kwabena ní kí Afeefah yọ fídíò náà kíá. Ó yọ ọ́. Kò dùn mí rárá.

Lọ́jọ́ kejì tí à ń jẹun ọ̀sán, Afeefah bú sẹ́rìn-ín. "Chale, Àǹtí, ọkùnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò yín pé, 'Ìyá Kẹ́ńkè, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?'"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. Kàsímù àbúrò mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tí mo máa ń fi pamọ́ dè é nígbà tí ìyá wa bá febi jẹ ẹ́ níyà. Ó di ọdún kẹrìndínlógún tí mo lé e jáde nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, tó gba Nàìjíríà lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Orúkọ wo ló fi kọ ọ́?"

Afeefah ò rántí. Ó tẹ fóònù títí, ó ní fídíò náà ti kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ. Mo sunkún bí ọmọdé. Àbúrò mi bi mí bóyá mo ṣì ń bínú, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lójú. Kí ni yóò rò?

Mo ṣe fídíò mìíràn, mo pe orúkọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló wò ó, ará àdúgbò wa ni gbogbo wọn.

Kwabena wọlé ìbò. Ó wá dúpẹ́ ní Lagos Town, ó ní kí a sọ ohun tí a fẹ́. Àwọn kan ní gọ́tà, àwọn kan ní iná ojú títì. Èmi ní kí ó bá mi dá fídíò mi padà.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Maame, ìbò ti parí."