Èèrà Inú Omi Ọmú

Èèrà kan ló kú, gbogbo ilé sì ń bá Morádéún kẹ́dùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ tuntun bá ń bì ṣáá, wọn á fún omi ọmú ìyá rẹ̀ sínú ṣíbí, wọn á ju èèrà sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, omi ọmú dára. Bó bá kú síbẹ̀, omi ọmú ti korò nìyẹn, kí wọ́n yáa gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Avwerosuoghene ni ọmọ náà ń jẹ́, orúkọ tó gùn ju ọmọ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà Avwe ni gbogbo ilé ń pè é. Avwe á mu ọmú bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, omi á há a lọ́fun, á wúkọ́, á já ẹnu kúrò, á figbe ta. Lẹ́yìn náà, á wá bi gbogbo rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ láyà.

Ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ọmọ kì í bì ní ìkọ̀kọ̀. Eucharia tó ń gbé yàrá òdìkejì ní, "Ata ni. Má jẹ ata mọ́." Sàfúrátù tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ata wo? Kò jẹ ata tó ni, omi ọmú rẹ̀ ti tutù." Màmá, ìyá Maro ọkọ rẹ̀, tó wá láti Warri wá wẹ ọmọ, kò sọ̀rọ̀ ata ní tirẹ̀.

"Fún un lọ́mú."

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni."

"Ṣebí ó ti bì í? Inú rẹ̀ ti ṣófo. Oya, gbé e!"

Ìgbà tí ìbì náà kò dáwọ́ dúró ni Màmá gbé èèrà wá lórí ewé. Ojú gbogbo ará ilé ni èèrà ṣe balẹ̀ sínú ṣíbí tí kò mira. Màmá káwọ́ lérí. "Chai! Ìyàwó mi, omi ọmú rẹ ti bàjẹ́ o!"

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé èèrà náà ti kú kó tó dé inú ṣíbí. Màmá ní ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sí i. Láàárín ewé àti ṣíbí, àtàǹpàkò Morádéún àti ìka kejì rẹ̀ fẹnu kora. Ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó pa èèrà.

Orí ọmú rẹ̀ ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò rántí ìgbà tó sùn gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ pé ó rẹ ìyá ọmọ tuntun? Èèrà nìkan ni kò sẹ́ni tó lè bá jiyàn.

Maro, tó ń bá àwọn oníbàárà kó ẹrù jáde ní èbúté Tin Can, ra mílíìkì agolo àti fídà, ìgò tí ọmọ yóò fi máa mu ún, bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Morádéún sùn bí òkúta. Ìgbà tó jí ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá fara dà á. Oore ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é! Màmá, ìyá àgbà, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyàwó mi, forí jì mí. Mo ń fúngun mọ́ ọ láìmọ̀ pé àìsàn wà lára rẹ."

"Màmá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Màmá wí fún àwọn ará ilé. "Kò tilẹ̀ bínú sí mi."

Eucharia gbé ọbẹ̀ ẹja wá. Sàfúrátù rán bùbá tuntun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí Avwe bá ti ké báyìí, omi ọmú á rin bùbá náà gbindin, Morádéún á sá wọ balùwẹ̀, á fún un dànù sínú gọ́tà, á bu omi lé e bí ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nù. Bó bá jáde, Màmá á ti bá a fọ aṣọ rẹ̀ tán. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Avwe ńkọ́? Avwe ṣì ń bì. Ti ìsinsìnyí tún wá ń kan, ìgbẹ́ rẹ̀ sì le, ó ń tiraka títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Mílíìkì agolo kò bá èèrà mulẹ̀.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, Morádéún gbé e lọ sí ilé ìlera kan ní Apapa. Nọ́ọ̀sì Dorothy gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó fajú ro.

"Kí lò ń fún un?"

"Mílíìkì agolo, mà."

"Nígbà tó ń mu ọmú, ó ń sanra dáadáa. Ta ló ní kó o dá a dúró?"

Morádéún wo ilẹ̀. "Èèrà ni, mà."

"Dókítà Èèrà? Ilé ìwòsàn wo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Àwọn ìyá tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi rí iwájú bùbá tó ti rin. Ó wá sún mọ́ ọn. "Ìyá Avwe, omi ọmú rẹ kò bàjẹ́. Ó pọ̀ ni, ó ń sáré ju ọ̀fun ọmọ lọ. Fẹ̀yìn ti ògiri, gbé e lé àyà, kí omi náà máa gòkè lọ bá a. Bó bá mu tán, gbé e nàró sí èjìká kó gùfẹ̀, má tètè tẹ́ ẹ. Yóò ṣì máa bì díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń bì tó sì ń sanra, aṣọ nìkan ló ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìbì bá ní àwọ̀ ewé, tàbí tó ń ta jáde bí omi ẹ̀rọ, máa sáré bọ̀. Lónìí ni kó o dá a padà sí ọmú. Ọmú tẹ́nikẹ́ni kì í mu, gbígbẹ ló ń gbẹ."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà, Morádéún rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kí ọmọ tó lè mu ọmú, ẹjọ́ tí èèrà dá gbọ́dọ̀ yí padà. Kó tó yí padà, wọn yóò bi í pé ta ló pa èèrà. Ó wá rí irọ́ kan: yóò ní nọ́ọ̀sì fún òun lóògùn tó ń fọ omi ọmú. Irọ́ tó mọ́ tónítóní ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó wọlé. Màmá ló bá nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí Eucharia ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ẹ.

"Mama no gree chop since yesterday," ni Eucharia wí. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an, kò lò ó."

Màmá lajú. "Ààwẹ̀ ni, ìyàwó mi. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé n kò ní fẹnu kan nǹkan kan títí omi ọmú rẹ yóò fi dùn."

Irọ́ tó mọ́ tónítóní náà já bọ́. Morádéún wólẹ̀. "Màmá, èmi ni mo pa èèrà!"

Ìdérí ìkòkò dúró lọ́wọ́ Eucharia.

"Ó ṣe," ni Sàfúrátù wí. "Ìbànújẹ́ ti ń mú un sọ ìsọkúsọ."

"Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ pa!"

Omijé bọ́ lójú Màmá. "Ẹ ò rí ọmọ yìí? Torí kí n lè jẹun, ó ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́."

Tìbínútìbínú ni Morádéún fi fún omi ọmú sínú ṣíbí. "Ó dára. Ẹ mú èèrà mìíràn wá, ààyè. Kí Eucharia jù ú sí i, èmi ò ní fọwọ́ kàn án."

Eucharia mú ọ̀kan lára ṣúgà. Èèrà bọ́ sínú omi ọmú, ó fẹsẹ̀ gba ìhín, ó fẹsẹ̀ gba ọ̀hún, ó yí po. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èèrà na ẹsẹ̀ méjì, ó kú.

"Mo ṣáà sọ!" ni Sàfúrátù kígbe.

Morádéún wo èèrà, ó wo wọn. Èèrà kì í ṣe ẹja! Bí wọ́n jù ú sínú tíì Eucharia, yóò kú. Bí wọ́n jù ú sínú omi àdúrà, yóò kú. Ó já ṣíbí gbà, ó gbé omi ọmú náà mì, tèèrà tèèrà.

"Lá ìláhà!" Sàfúrátù dì mọ́ ògiri. Gbogbo wọn ń retí kó ṣubú. Morádéún gùfẹ̀.

Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé Avwe lé àyà. Avwe yí ojú kúrò. Fídà ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún fi lọ̀ ọ́, ó tún kọ̀. Morádéún tẹrí ba sí i. "Èmi ni mo ṣe é," ló ń sọ sí i létí. "Ìwọ kọ́. Èmi ni."

Ìgbà tó yá, ẹnu kékeré náà dì í mú. Ó mu ún, ó gbé e mì, kò há a, kò wúkọ́.

Màmá ti dìde jókòó. Ó tẹjú mọ́ Morádéún.

"O pa á lóòótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí, Màmá. Mo fẹ́ sùn."

"Torí oorun, o jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ọ. O jẹ́ kí ebi pa mí."

Morádéún nu omi ọmú tó kù lẹ́nu Avwe.

Màmá na ọwọ́, ó gba Avwe, ó gbé e nàró sí èjìká. Avwe gùfẹ̀ bí àgbàlagbà, ó bi díẹ̀ sára aṣọ ìyá bàbá rẹ̀. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò. "Funfun ni," ló wí, kì í ṣe fún Morádéún. Eucharia gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan jẹun, ọwọ́ kejì di ọmọ mú. Láìwẹ̀yìn, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́:

"Wọlé lọ sùn."

Morádéún wọlé, ó dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń gbé ẹ̀bà mì, tó ń kùn fún Avwe ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Ojú náà là padà; oorun tó torí rẹ̀ pa èèrà kò wá.