Yàrá fún Kọ̀ǹpáílà Méjì

Adéfọlá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì di ẹ̀kẹta, ariwo ni yóò dà: nínú iṣẹ́ tí òun jẹ́ olórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín nǹkan ní ìdí igi.

"Bùrọ̀dá Fọlá, mi ò sọ̀rọ̀ ogún o," ni Àtinúkẹ́ dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ fáìlì ni mò ń sọ."

"Ibi kan náà ni méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀."

Yàrá òkè kan ní Adum, láàárín ìlú Kumasi ní Gánà, ni wọ́n jókòó sí, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta rédíò. Ọdún 1998 ni. Linux ni iṣẹ́ wọn, ìyẹn ètò tí ẹnikẹ́ni lè fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri ayé, ẹni tó bá sì ní òun yóò fi wáyà tẹlifóònù Kumasi fà wọ́n wá, irun rẹ̀ á funfun lórí àga. Nítorí náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí ṣe ń kó wọn jọ, tí wọ́n ń pinnu ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé, tí wọ́n sì ń tẹ̀ wọ́n sórí sídì fún àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ. Àtinúkẹ́ ló ń kó wọn jọ. Adéfọlá ló ń pàṣẹ ibi tí wọn yóò gbé. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò yẹn. Òun ló dàgbà, òun ló sì ní ohùn.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé kọ̀ǹpáílà méjì ló wà lórí sídì tuntun yìí. Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó máa ń túmọ̀ ohun tí èèyàn kọ sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Ọ̀kan ti Jámánì wá, èkejì ti Kánádà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá túmọ̀ iṣẹ́ kan tán, á fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mọ́júù, kí iṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kálukú ló ní bó ṣe ń kọ mọ́júù tirẹ̀, ẹlòmíì kò sì lè kà á. Èyí tó wá burú jù ni pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ ọ́. Bí a bá kó wọn sínú fódà kan, èyí tó dé gbẹ̀yìn á tẹ èyí tó ti wà níbẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Àtinúkẹ́ fẹ́ kí kálukú ní fódà tirẹ̀ lábẹ́ /usr/lib, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti lè ní àyè tirẹ̀. Adéfọlá ní rárá, /usr/include ni kí gbogbo wọn gbé, níbi tí àwọn nǹkan tí gbogbo ètò jọ ń lò máa ń wà.

"Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó mú kọ̀ǹpáílà kan, kó fi èkejì sílẹ̀," ló wí.

"Bí sídì yìí bá jáde báyìí, kò ní sí orúkọ mi níbẹ̀," ni Àtinúkẹ́ sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Accra ti fún mi níṣẹ́. Màá lọ."

Adéfọlá yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n àgbà kì í jẹ́ kí irú ìyẹn hàn lójú.

Kì í ṣe orí kunkun lásán ló ń ṣe é. Bàbá wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta abọ́ ní ọjà Kejetia, ìyàwó méjì ló fẹ́. Adéfọlá nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí kó tó kú. Ìyàwó kejì ló bí Àtinúkẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí ti ilé wá, wọ́n ní ìdí igi ni wọn yóò fi pín ilé rẹ̀ tó wà ní àdúgbò Santasi: ìyá kan, ìpín kan. Bí Adéfọlá nìkan ṣe jogún ìlàjì ilé nìyẹn, tí àwọn mẹ́ta yòókù ń há ara wọn mọ́ ìlàjì kejì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì pè é ní olè. Òun náà bú wọn padà, ó ní kì í ṣe òun ló pín in. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, títí Adéfọlá fi lọ ra búlọ́ọ̀kù, tó mọ ògiri la àgbàlá já. Kànga bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú títì ni àwọn ará ọ̀hún ń gbà yí ká kí wọ́n tó lè fa omi, àwọn ọkùnrin méjèèjì kò sì kí i mọ́. Àtinúkẹ́ nìkan ló kù fún un nínú gbogbo ọmọ bàbá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wá pe "fódà ọ̀tọ̀" báyìí, ìró búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ láti ẹ̀yìn lọ́rì ló máa ń gbọ́.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Georgina dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni obìnrin náà, ìṣirò bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì máa ń dán sídì wọn wò kí wọ́n tó tẹ púpọ̀. Kọ̀ǹpáílà ti Jámánì ló fi ń ṣe ìṣirò páìpù. Ti Kánádà nìkan ló sì bá ìṣirò ẹ̀rọ tó ń fa omi mu.

"Master Fọlá, ɛnyɛ adwuma koraa," ló fi Twi, èdè ibẹ̀, wí bó ṣe ń wọlé: sídì náà kò ṣiṣẹ́ rárá.

Adéfọlá fi ojú kọ̀ǹpútà hàn án, ó ní kó wòran. Ó fi ti Jámánì sí i, ó ṣiṣẹ́. Ó fi ti Kánádà lé e, ìyẹn náà ṣiṣẹ́. Ó wá padà sí ti Jámánì: kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ irú mọ́júù wo nìyí. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó yí i padà, ó kọ́kọ́ fi ti Kánádà sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ti Kánádà ló wá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Òógùn bò ó lábẹ́ fáànù.

"Ẹ mú ọ̀kan, madam," ló wí. "Ẹ fi èkejì sílẹ̀."

"Èwo nínú wọn ni kí n lé jáde?" ni Georgina bi í. "Àwọn méjèèjì ò kúkú bá ara wọn jà. Ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹní ẹnì kan fún ẹni méjì."

Àtinúkẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ Adéfọlá, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, kí àlejò má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé.

"Bùrọ̀dá, nígbà tí Màmá yín wà láyé, ṣé inú ìkòkò kan ni àwọn àti ìyá mi ti ń sebẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ jẹ ata tí ìyá ẹ máa ń lò?"

"Yàrá wọn ńkọ́?"

"Ọ̀tọ̀ ni."

"Ṣé ìjà wà níbẹ̀?"

"Kò sí ìjà."

"Kànga ńkọ́?"

Adéfọlá mọ̀ pé kànga kan náà ni, àti pé etí kànga yẹn ni àwọn obìnrin méjèèjì ti máa ń fi ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, tí wọn á rẹ́rìn-ín títí garawa á fi kún àkúnya.

"Yàrá ọ̀tọ̀ kọ́ ló tú wa ká," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ògiri ni."

Inú bí Adéfọlá gan-an, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó fẹ́ sọ pé kó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Dípò ìyẹn, ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra. Ó ṣí fódà méjì lábẹ́ /usr/lib, ọ̀kan fún kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan, ó kó mọ́júù kálukú sí tirẹ̀, ó sì tọ́ka ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan fún kọ̀ǹpáílà tó ni ín. Ohun tí àwọn méjèèjì lè jọ lò, kò fọwọ́ kàn án; ó wà ní /usr/include níbi tó ti wà. Ó wá ní kí Georgina dán an wò fúnra rẹ̀. Ti Jámánì ṣiṣẹ́, ti Kánádà ṣiṣẹ́, wọ́n padà sí ti Jámánì, ó tún ṣiṣẹ́.

"Ei! Medaase paa," ni Georgina fi dúpẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Àtinúkẹ́ náà gbé báàgì rẹ̀.

"Accra yẹn ńkọ́?" ni Adéfọlá bi í láì gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ sídì ná," lòun fi dá a lóhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì tròtrò.

Ní àárọ̀ Sátidé, Adéfọlá pe Kwasi bíríkìlà wá sí Santasi. Kwasi yọ òòlù, ó wo ògiri náà látòkè délẹ̀.

"Ṣé kí n wó gbogbo ẹ̀?"

"Má wó o. Kálukú ló ní yàrá tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ni kí o lu sí i, níbi tó dojú kọ kànga yìí."

Kwasi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìyá Àtinúkẹ́ ló dúró ní òdìkejì pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó ti fẹ́ gba ojú títì lọ bó ti máa ń ṣe. Àtinúkẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Àtinúkẹ́ ọkùnrin ń wò láti ojú fèrèsé, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì pa fèrèsé dé.

Adéfọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrùpẹ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

Ìyá wo ihò náà, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àfọ́kù, ó sì na garawa sí i.

"Dìde kí o bá mi fa omi, Fọlá. Ó pẹ́ tí apá ti ń dùn mí."