Níbo La Ó Fi Ọ̀gá Sí?

Nígbà tí Gbémisọ́lá dé iléeṣẹ́ tó ń yá àwọn àgbẹ̀ ní katakata ní Ṣakí, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹjọ́ ìyàwó oníyàwó. Àgbẹ̀ kan ló ń rò ó lórí fóònù pé ìyàwó òun ti kó lọ, òun ò sì ní lè túlẹ̀ lọ́dún yìí. Alájì Ládòkun, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ti ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ gbayawu, ó ń fèsì bí ẹni tó ń pe màlúù lódìkejì odò. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pín yàrá rẹ̀ kúrò lára gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ wà, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́. Kódà, bíríkìlà kan tó ń mọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dúró, ó mi orí, àánú ọkọ náà ṣe é.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Gbémisọ́lá, iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ló ń ṣe. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà ní Ìbàdàn ló rán an wá, wọ́n ní kó tún ọ́fíìsì náà tò kó lè bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lára mu. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ fún àga, tí wọn ò rántí ìdí tó máa jókòó lé e. Ó wá pinnu pé òun á bi ìdí kọ̀ọ̀kan léèrè.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mùyìbátù akọ̀wé, tó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Ilẹ̀kùn ni mo fẹ́," Mùyìbátù ní. "Èyí tó ṣeé tì. Inú yàrá táyà ni mo ti ń fún ọmọ yìí lọ́mú. Ìyá ọkọ mi gbé e lọ́jọ́ kan, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní ṣé mẹkáníìkì ni mo bí ni."

Ti Wàsíù, ẹni tó ń pín katakata lọ sóko, oòrùn ló ń bá a jà. Bí oòrùn bá ṣe ń yí ló ń ti tábìlì rẹ̀ kiri. Tó bá fi máa di ìrun Alásàrí, ó ti bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́?" Gbémisọ́lá bi í.

"Òjìji. Kí ẹ sì gbé Alájì jìnnà sí wa."

"Kó jìnnà dé ibo?"

Wàsíù rò ó. "Ìgbòho dáa."

Bí àwọn tó kù náà ṣe sọ nìyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí àga, orí ohùn Alájì ló máa parí ẹ̀ sí.

Gbémisọ́lá ya àwòrán ọ́fíìsì náà bí wọ́n ṣe wí. Ó fi yàrá kan sí i fún abiyamọ, ó fi ibi àlùwàlá sẹ́yìn ilé, ó na ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ síwájú kó máa ṣíji bo fèrèsé. Ó wá gbé ọ̀gá sí ìkángun ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn èyí ló gbé àwòrán náà wọlé lọ bá Alájì.

Alájì wò ó títí. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀?"

Gbémisọ́lá ti ṣètò ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló fò lọ. Ó dorí kodò, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ má bínú, sà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ohùn yín ti pọ̀ jù."

"Ìyẹn dáa," Alájì ní. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi pupa kùn ún."

Gbémisọ́lá yí ojú sí fèrèsé. "Alájì, ilé ń jó."

"Búlúù náà ò burú."

Ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó wò ó lójú. "Alájì, láti ìgbà wo lẹ ò ti gbọ́ràn dáadáa?"

Bàbá náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn, ó rí i pé ó wà ní títì. "Katakata ni mo fi ìgbà èwe mi wà," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn ló jẹ etí mi. Tí àwọn tó wà níta yìí bá mọ̀, wọ́n á ní mo ti darúgbó. Wọ́n á fi ọmọdé kan rọ́pò mi." Omi ti lé sí i lójú. Ó rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòun ń sọ ọ́. Nínú gbọ̀ngàn, iṣẹ́ ti dúró.

Nígbà tí Gbémisọ́lá jáde, kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Wàsíù ń yẹ bàtà ara rẹ̀ wò.

"A rò pé ìgbéraga ni," Mùyìbátù ní.

Gbémisọ́lá tún àwòrán yà. Ó dá ọ̀gá padà síwájú, ó fi gíláàsì tó nípọn sára ògiri kó lè máa rí ẹnu àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ki fóòmù sínú àjà. Ó sì ní òun ò ní kọ́ bíríkì kan àyàfi tí Alájì bá lọ síléèwòsàn etí ní Ìbàdàn. Wàsíù fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n kó wọ ọ́fíìsì tuntun, Alájì gbé àga sáàárín gbọ̀ngàn, ó ń ka ìwé ìròyìn, ẹ̀rọ kékeré kan wà létí rẹ̀. Gbémisọ́lá náà wà níbẹ̀, ó ń wò bóyá wọ́n fi kọ́tìnnì kọ́ dáadáa. Wàsíù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Mùyìbátù létí bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Wo bí wọ́n ṣe jókòó bí àpò èlùbọ́."

"Èlùbọ́ iṣu àbí ti láfún?" Alájì béèrè, kò gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn.

Wàsíù wá ibi tó máa gbé ojú sí, kò rí. Alájì dìde, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀ pọ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Gbémisọ́lá wò ó láti inú gíláàsì, ó rí i pé èjìká bàbá náà ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Kò pẹ́ tí Alájì fi yọ orí síta, ó pe Gbémisọ́lá.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ṣì ní fóòmù nílẹ̀? Ariwo àwọn èèyàn yìí ti pọ̀ jù."