Orúkọ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Láti ọjọ́ tí Olúyọmí ti dìde láàárín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wọn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó pe Gbàdàmọ́sí ní ọ̀dàlẹ̀, inú Gbàdàmọ́sí kò rọ̀ sí i mọ́. Ọdún keje rèé. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́: Olúyọmí ni mánéjà, Gbàdàmọ́sí ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ẹnì kan lo íńtánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́, ó kọ ọ́ síta pé iyanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, orúkọ Gbàdàmọ́sí ló gbé jáde. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà sì gba àsíá tó máa ń gbé ṣáájú wọn ní Ojúde Ọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbàdàmọ́sí búra títí pé òun kọ́. Ó ní òun tí kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́rin, gẹ̀ẹ́sì wo lòun fẹ́ fi kọ ọ́? Olúyọmí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò mọ̀wé kò ṣáà ní ṣàì mọ ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn dùn ún ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ.

Lọ́dún yìí ni Matilda, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn nígbà yẹn, wá bá a ní Ayépé níbi tó ti ń lọ ẹ̀gẹ́ fáwọn tó ń ṣe gàrí. Ó ti kúrò níléeṣẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní pírọ́sì, tó dúró bí adènà láàárín kọ̀ǹpútà wọn àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó máa béèrè orúkọ àti pásíwọọ̀dù lọ́wọ́ oníkálukú. Àmọ́ ó lábùkù: bí ó bá ti dá ẹni tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ mọ̀, kì í bi àwọn tó tẹ̀lé e mọ́, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ló ń kọ fún gbogbo wọn. Gbàdàmọ́sí ló sì máa ń kọ́kọ́ dé iṣẹ́, tó ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà láti kọ iye ọjà inú sítọ́ọ̀.

Ṣé torí pé òun kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ba òun lórúkọ jẹ́? Ó bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Matilda wolẹ̀, ó ní kó bi Olúyọmí tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Gbàdàmọ́sí pa ẹ̀rọ tòun tẹ̀gẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní kó dìde, kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Omi ẹ̀gẹ́ ti funfun mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

“Gàrí ti yí ọ lára tó báyìí?” ni Olúyọmí wí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí ó ṣe rí Matilda lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó di Gbàdàmọ́sí lápá, ó rọ̀ ọ́ pé kí àwọn sọ ọ́ níta.

Gbàdàmọ́sí já apá rẹ̀ gbà. “Ìta kọ́ lo ti pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Ìgbà wo lo mọ̀?”

Sàlàkọ́ tó jẹ́ Gíwá, olórí ẹgbẹ́ wọn, ní kí Olúyọmí dáhùn.

“Ọ̀sẹ̀ tí a lé e gan-an ni mo mọ̀ pé òun kọ́,” ni Olúyọmí wí. “Matilda ti ní ká tún ẹ̀rọ tó ń kọ orúkọ rẹ̀ fún gbogbo wa ṣe tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀. Ká ní mo sòótọ́ nígbà náà, èmi ni wọn ì bá lé. Gbàdàmọ́sí kò ṣe nǹkan kan.”

“Tún un wí,” ni Gbàdàmọ́sí sọ. “Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.”

Olúyọmí tún un wí.