Àyè Tí Lorna Yọ̀ǹda

Bí Lorna Hudak ṣe ka lẹ́tà náà tán lójú kọ̀ǹpútà, igbe tó ké mú kí ológbò rẹ̀ fò sílẹ̀ lórí àga, ó sì sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló fi iṣẹ́ sílẹ̀? Èmi? Èmi Lorna?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí òun nìkan ló ń gbélé. Ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ sí i ni pé àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, àwọn sì rí i pé fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà, nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá fi "A dúpẹ́ pé ẹ lo ìkànnì wa" parí ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn tán, wọ́n tún ń dúpẹ́.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ni obìnrin yìí fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń ká páálí. Ìka rẹ̀ kan ò ká mọ́ nítorí ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń dá owó sápò ìjọba lórí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, de ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọ́n. Ọjọ́ náà wá dé, wọ́n so ẹnu àpò pa. Oṣù kejì ọdún nìyẹn o, yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé, epo tó ń mú ilé gbóná sì ti ń lọ sísàlẹ̀ táńkì. Kóòtù ni Lorna ń wọ̀ nínú ilé. Bí owó yìí ò bá jáde, kò sí bó ṣe fẹ́ rí epo míì rà kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ọdún tó parí, ilé-iṣẹ́ páálí ní àwọn máa dá èèyàn méjìlá dúró títí yìnyín á fi yọ́. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, Tobin Reese ló sì ṣe ìkejìlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ìyàwó rẹ̀, Kayla, lóyún ìbejì, ilé-iṣẹ́ ló sì ń gbé owó ilé ìwòsàn wọn. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìyẹn náà lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ka orúkọ tán ní yàrá ìjẹun, àgbà òṣìṣẹ́ lè dìde kó ní, "Ẹ yọ ti ọmọ yẹn, ẹ fi tèmi rọ́pò." Bàbá Lorna ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pa á lówe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀gá á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á sì lọ sílé lọ máa gba owó ìjọba títí wọ́n á fi pè é padà. Láyé ìgbà yẹn, ọ́fíìsì ìjọba wà láàárín ìlú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Arlene ló ń jókòó níbẹ̀, ó sì mọ ìran gbogbo èèyàn. Á bi ọ́ pé, "Ta lo gba tiẹ̀ rù?" Wàá sọ fún un, á lu òǹtẹ̀, ó parí.

Arlene ti kú. Ọ́fíìsì náà ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ kó lọ.

Nígbà tí Lorna dìde ní yàrá ìjẹun lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Tobin dì mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó délé tó ṣí ìkànnì ìjọba, ó bá ìbéèrè kan pàdé: ṣé iṣẹ́ ṣì wà fún ọ nígbà tí o kúrò? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lorna rò ó. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò dúró, Tobin wà nídìí ẹ̀. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Àyè kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ní kó ṣàlàyé. Ó jókòó tì í fún odidi wákàtí kan, ó kọ gbogbo rẹ̀: àṣà ilé-iṣẹ́, oyún Kayla, àní ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Kò mọ̀ pé àyè yẹn ò lè gbà ju ìlà kan lọ, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ni, "Mo fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda iṣẹ́ mi nítorí". Nítorí kí ni? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Maxine, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ilé kejì, gbọ́ igbe, ó sì wọlé tòun ti ife kọfí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá Maxine dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí, kò sí èyí tí kò gbowó rẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó wo Lorna lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"O sọ òtítọ́ fún kọ̀ǹpútà?"

"Kí ni kí n sọ? Kí n purọ́?"

"Lorna, ṣé orí ẹ pé báyìí? Tẹ 'Bẹ́ẹ̀ kọ́', kó o lọ sùn! Ta ló ń wò ọ́?"

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre! Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lo wà ni, tó o wá ń jẹ́wọ́? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ìwọ lo tún wá pàtẹ ẹ̀ síwájú ìjọba."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Maxine. Inú ń bí mi."

"Kó bí ọ dáadáa. Ìbínú á jẹ́ kí ara ẹ móoru."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ kó tó gbẹ lẹ́nu Lorna.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá ẹni tó máa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó pe nọ́ńbà wọn. Orin ló kọ́kọ́ ń dún, lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, ohùn kan ní gbogbo ìlà ló kún, kó pè padà lọ́la, ó sì já a. Lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà. Ó padà sórí ìkànnì. Àwòrán ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Báwo ni mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ lónìí?" Lorna kọ ọ́ sí i pé, "Mi ò kúrò níbi iṣẹ́ torí pé ó wù mí. Ẹlòmíì ni mo gbà sílẹ̀." Àwòrán ní òun ò gbọ́ ọ yé, kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àwòrán ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù yín?"

"Páswọ́ọ̀dù ìyá ẹ!" ni Lorna pariwo. Ó bú àwòrán náà, ó bú ẹni tó yà á, ó bú gómìnà tó rà á. Àwòrán ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní ìrọ̀rùn? Arlene tó létí ti lọ, wọ́n fi ẹ̀rín tí kò létí rọ́pò rẹ̀.

Maxine ló ní kó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Orí fóònù ni wọ́n máa gbọ́ ọ, ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Maxine yìí kan náà, tí kò lè pa nǹkan mọ́nú, ló lọ sọ fún Tobin.

Tobin dé ní Ọjọ́bọ̀ náà nígbà tí aago ò tíì lu kan. Ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀. Kayla ti bí àwọn ìbejì náà láìtó ọjọ́, inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ṣì wà, ọ̀kan ò tíì lè dá mí dáadáa. Ọmọkùnrin náà ò tíì sùn, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló wà níwájú.

"Àǹtí Lorna, ẹ ò sọ fún mi! Láti ìgbà yìí!"

"Kí n sọ fún ọ, kó o wá ṣe kí ni? Kó o bí ẹ̀kẹta?"

"Màá ṣe ẹlẹ́rìí. Màá sọ gbogbo ẹ̀ fún adájọ́."

"Ó dáa. Jókòó, mu kọfí. Ojú ẹ ti wọnú lọ."

Fóònù dún, Lorna gbé ohùn rẹ̀ síta kí Tobin náà lè gbọ́. Adájọ́ náà ní Vance lòun ń jẹ́, ó ń wúkọ́, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ méje láàárọ̀. Ó mú wọn búra. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Ashworth ló ṣojú ilé-iṣẹ́, láti ìlú ńlá tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ń gbé. Kò tíì fojú kan ẹ̀rọ páálí rí, àmọ́ ó mọ̀ pé bí ìjọba bá sanwó fún Lorna, owó tí ilé-iṣẹ́ ń dá sápò ìjọba máa lé sí i.

Tobin sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, ahọ́n rẹ̀ ta kókó lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta àmọ́ ó sọ ọ́. Lorna náà sọ tiẹ̀. Adájọ́ ń gbọ́, Lorna sì ń gbọ́ tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni Ìyáàfin Ashworth lanu. "Ilé-iṣẹ́ ò dá Ìyáàfin Hudak dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó lè dájú pé a ò ṣe èrú, a ti ṣe tán láti gbà á padà láti ọ̀la."

Tobin rẹ́rìn-ín, ó gbá tábìlì. Lorna ò rẹ́rìn-ín.

"Tí mo bá wọlé, ta ló máa jáde?"

"Ìyẹn ò kan ẹjọ́ tòní."

"Ó kàn mí."

"Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ yín ni, màdáàmù. Ẹni tó dé kẹ́yìn."

Ẹ̀rín kú lójú Tobin.

Adájọ́ wúkọ́. "Ìyáàfin Hudak, mo ní láti bi yín. Wọ́n ti fi iṣẹ́ lọ̀ yín níṣojú mi. Ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ kọ̀ ọ́? Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, òfin ò gbà mí láyè láti fún yín lówó. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ò lè tún gba owó ẹni tí kò ríṣẹ́."

Tobin di ọwọ́ Lorna mú. "Ẹ gbà á, Àǹtí. Ẹ gbà á, mo bẹ̀ yín. Màá wá nǹkan ṣe. Ilé yín yìí tutù, kóòtù lẹ wọ̀ nínú ilé, mo rí i."

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó wu Lorna kó gbà á. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, egungun ń dùn ún, òtútù ń mú un, ó sì mọ ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe mọ ọkọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó kórìíra ọmọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti oyún tí kò dúró kó pé ọjọ́. Ó wá gbọ́ tí Ìyáàfin Ashworth ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, ká-ká-ká, bí ẹni tó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí rẹ̀ gbóná.

"Ọ̀gbẹ́ni Adájọ́, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín."

"Mo kọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún bá mi kọ èyí: obìnrin tó wà lórí ìlà yẹn mọ̀ pé màá kọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ ènìyàn kan nílé-iṣẹ́ yìí tó máa lé bàbá ìbejì kúrò torí epo. Ìdí tó fi fi lọ̀ mí nìyẹn. Tó bá rò pé màá gbà á ni, kò ní lanu. Oore wa ló fi so okùn mọ́ wa lọ́rùn!"

Títẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́hùn-ún.

"Mo ti gbọ́ yín, ìyá," ni adájọ́ wí. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ní láti fi ọwọ́ sí i pé kò sí owó."

"Mi ò ní kó dùn yín. Owó mi ni mo bèèrè," ni Lorna dáhùn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Tobin ti dorí kodò lórí tábìlì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Lorna wo aago ara ògiri.

"Dìde."

"Àǹtí, mi ò mọ bí mo ṣe máa—"

"Mo ní dìde! Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́ta ni ṣíìfù ẹ. Tó o bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, tí wọ́n rí nǹkan kọ́ sí ọ lọ́rùn, tí wọ́n lé ọ lẹ́yìn gbogbo èyí, Tobin Reese, níwájú àwọn ọmọ ẹ ni màá ti nà ọ́!"

Ó fa ọmọkùnrin náà dìde, ó yí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síbi tó yẹ, ó tì í síta. Ọkọ̀ rẹ̀ ò lọ. Táyà ń yí lásán nínú yìnyín, ó ń fọ́n ẹrẹ̀ kiri. Lorna jáde tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó fi èjìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

"Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́, ìwọ ọmọ yìí!"

Ó ń tì í, ó ń bú wọn. Ó bú ìjọba, ó bú ilé-iṣẹ́, ó bú Ashworth títí dé ìran kẹrin. Yìnyín wọnú sálúbàtà rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Ọkọ̀ fò jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lọ, Lorna sì ṣubú lórí orúnkún sójú ibi tí táyà wà. Maxine sáré jáde láti ilé kejì, ó fẹ́ gbé e dìde.

"Fi mí sílẹ̀ ná," ni Lorna wí. Ojú ọ̀nà ló ń wò. "Aago mélòó lù?"

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó lu mẹ́ta."

"Á débẹ̀," ni Lorna wí. "Á débẹ̀ kó tó lu."